Ara Páìpù Ni Kí O Wò, Má Wo Ojú Ọlọ́jà

Ìgbó-Ọrà,
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

N kò ní bi ọ́ bóyá ara rẹ le, nítorí mo gbọ́ ohùn rẹ lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ àná, ó le ju bó ṣe yẹ lọ. Bàbá rẹ ń kí ọ. Èmi náà kí ọ, ṣùgbọ́n láti àná tí mo ti kúrò ní Èrúwà ni àyà mi ti ń já, kò sì tíì balẹ̀ títí di bí mo ṣe mú bírò yìí.

O máa ní kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ṣebí mo pè ọ́ lánàá. Kí n tó sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, o ní, "Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀, wọ́n ní ó dáa," o sì gbé e sílẹ̀. Lẹ́tà kì í jẹ́ kí wọ́n gbé òun sílẹ̀ báyẹn. Bí o bá ká a kò, yóò ṣì máa wò ọ́ níbi tó wà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, o mọ̀, nítorí náà má wá àṣìṣe inú rẹ̀. Kà á tán, lẹ́yìn náà kí o bínú bí o bá fẹ́ bínú.

N ó sọ ohun tí ojú mi rí fún ọ bó ṣe rí i.

Lánàá Ọjọ́bọ̀, mo gbé gàrí rẹ sínú ọkọ̀, mo kọrí sí Èrúwà. N kò sọ fún ọ pé mò ń bọ̀, torí mo mọ̀ pé o máa ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ìwọ fúnra rẹ gbà, láìsí ọ̀gá lórí rẹ. Àjọkẹ́, o kò mọ bí mo ṣe ń fi ọ́ yangàn. Láti ọjọ́ tí o ti gba fíríìdọ́ọ̀mù ni mo ti ń sọ ọ́ kiri. Bí wọ́n bá ní, "Ìyá Sìdí, ṣé òótọ́ ni pé ọmọbìnrin yín ló ń ṣe iṣẹ́ púlọ́ńbà? Kò bẹ̀rù ìdọ̀tí?", mo máa ń ní, "Ìdọ̀tí ló ń bẹ̀rù rẹ̀."

Mo dé ilé tí Màmá Nọ́ọ̀sì ń kọ́. Wọ́n ní o lọ wo ẹnu ẹ̀rọ omi ní Ìbàdàn, àti pé ìrọ̀lẹ́ ni o máa dé. Bíríkìlà nìkan ni mo bá níbẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀wà. Mo ní kó jẹ́ kí n wo iṣẹ́ ọmọ mi. Yàrá mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ilé ìwẹ̀ tirẹ̀, kí àwọn ọmọ pólì lè máa háyà rẹ̀. Mo rí bí o ṣe la ojú ògiri, tí o tẹ́ páìpù sínú rẹ̀, títọ́ bí ìlà inú ìwé. Mo rí oríta ibi tí o ti pín omi sọ́tùn-ún sósì, kò sí ibi kan tó wọ́. Omi bọ́ lójú mi. Mo ní Alihamudulilai, owó ìkọ́ṣẹ́ tí mo san kò ṣègbé.

Ìgbà tó yá ni mo wá fọwọ́ kàn án.

Mo fi àtàǹpàkò tẹ páìpù náà, ó sì tẹ̀. Háà! Mo tún tẹ ìkejì. Òun náà tẹ̀. Mo ń wá ìkọ̀wé tó yẹ kó wà lára rẹ̀, tó ń sọ irú páìpù tó jẹ́ àti bó ṣe nípọn tó. N kò rí àmì kan, ara rẹ̀ kàn ń dán lásán bí ojú ọmọ tuntun. Mo wọ gbogbo yàrá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ìyẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn, mo lọ wo àwọn tó kù tí o fi ti ògiri lẹ́yìnkùlé. Mẹ́fà. Odindi. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

N kò mọ ìgbà tí mo ké "Súbúhánálláhì!" Bíríkìlà fò dìde tòun ti abọ́ ẹ̀wà.

"Màmá, kí ló dé? Àkéekèé ni?"

"Àkéekèé ì bá sàn. Ìgbà wo lẹ fẹ́ rẹ́ ògiri yìí?"

"Ọjọ́ Ajé, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Símẹ́ńtì ti wà nílẹ̀. Injíníà ti ní ká máa bá a lọ."

"Injíníà wo?"

"Ọmọ yín náà ni. Bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́jà páìpù ń pè é, àwa náà sì ń bá a pè é bẹ́ẹ̀."

Mo bi í léèrè ibi tí ọlọ́jà náà wà. Ó júwe rẹ̀ fún mi. Bí mo ṣe wà, tòun ti ìyẹ̀fun gàrí lára ìró mi, mo lọ bá a.

Àjọkẹ́, jókòó dáadáa kí o tó ka èyí.

"Ẹ kú ọjà o, ọ̀gá."

"Ẹ kú àbọ̀, Màmá wa. Kí lẹ fẹ́ rà?"

"Páìpù ni. Irú èyí tí wọ́n fi ń fa omi látinú táńkì wọlé."

Ó wọ inú lọ, ó mú ègé páìpù méjì jáde, ó tò wọ́n síwájú mi lórí tábìlì, ó sì dákẹ́.

Mo mọ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn. Mo máa sọ ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n fún ọ láìpẹ́, n kò sì mọ ojú tí o máa fi wò mí lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin yẹn ń ṣọ́ mi bóyá páìpù ni n ó wò ni tàbí ojú òun. Mo mọ̀ọ́mọ̀ gbójú sókè, mo wò ó lójú, mo rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Kíá ló ti èyí tó fúyẹ́ sọ́dọ̀ mi.

"Ẹ mú èyí, Màmá. Òun ni gbogbo ayé ń lò."

"Ṣé kò ní bẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ṣá?"

"Kí ló máa bẹ́? Púlọ́ńbà obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kó mẹ́rìnlélógún lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Injíníà ni! Ẹ̀ bá rí i, gbogbo ohun tí mo bá ti sọ, ṣe ló ń mi orí bí alángbá."

Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí àpò símẹ́ńtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun náà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ tún fún un ní móòtì tútù mu lọ́jọ́ náà!"

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀," ọkọ rẹ̀ dáhùn. "Ẹni tó bá kó ẹrù tó bẹ́ẹ̀ láì da èèyàn láàmú, ó yẹ kéèyàn ṣe é lálejò."

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi ìyá alángbá sì dúró níwájú wọn! Bí kì í bá ṣe pé mo di etí tábìlì mú, mi ò mọ ohun tí n bá ṣe. N kò sọ pé èmi ni mo bí ọ. Mo mú páìpù kejì, èyí tó wúwo, mo yí i títí mo fi rí ìkọ̀wé ara rẹ̀, mo wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe nípọn sí, mo gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ wò bó ṣe wúwo sí, mo sì rọra dá wọn padà sórí tábìlì. Ẹ̀rín ọkùnrin náà dáwọ́ dúró.

"Màmá… ṣé ẹ ti ta páìpù rí ni?"

"Mo ti tà á rí," ni mo wí, mo sì jáde.

Bẹ́ẹ̀ ni, Àjọkẹ́. O mọ̀ pé mo gbé Ìbàdàn kí n tó fẹ́ bàbá rẹ. Nígbà tí o bi mí pé kí ni mo ṣe níbẹ̀, mo ní mò ń bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi tọ́jú ilé. Irọ́ ni. Ṣọ́ọ̀bù páìpù ni Àlájà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi náà, ní, ọdún mẹ́rin gbáko ni mo sì fi dúró lẹ́yìn tábìlì rẹ̀. Òun ló kọ́ mi ní páìpù méjì àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ó ní, "Ẹni tó bá mú un lọ́wọ́ tó wò ó, ojúlówó ni kí o tà fún un, torí ó máa mọ̀. Ẹni tó bá ń wo ojú rẹ, ọmọ ilé wa nìyẹn, ayédèrú tó wà ní kọ̀rọ̀ ni kí o gbé fún un." Mo mọ̀ ọ́n ṣe débi pé Àlájà fi ń ṣe àpèjúwe fún àwọn yòókù. Mo rò pé ọgbọ́n ni.

Ní ọjọ́ kan, tíṣà kan wá láti Ìgàngàn. Ó ní òun fẹ́ fa omi wọ ilé ìyá òun, kí ìyá náà yé lọ sí kànga. Mo to páìpù méjì síwájú rẹ̀, mo dákẹ́. Ó wò mí lójú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Àbúrò, èwo ló dáa níbẹ̀?" Mo na ọwọ́ sí èyí tí kò dáa. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dúpẹ́ o!

Ẹ̀ẹ̀rùn kan kò tíì tán lórí rẹ̀ tó fi padà wá. Páìpù ti là nínú ògiri. Ilé alámọ̀ ni, símẹ́ńtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ lójú, nítorí náà amọ̀ ń mu omi lábẹ́nú, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ògiri wó lulẹ̀, orí ibùsùn ìyá rẹ̀ ló wó lé. Ìyá náà wà lẹ́yìnkùlé tó ń sá ẹ̀gẹ́. Ká ní ó sùn sílẹ̀ díẹ̀ ni, ó parí.

Tíṣà gbé ègé páìpù tó là náà sórí tábìlì. Àlájà ti ń wé gèlè rẹ̀ le, ó ti ń múra ìjà. Ọkùnrin náà kò jà. Ó wò mí, ó ní, "Àbúrò, ìwọ ni mo bi léèrè. O ní ó dáa." Ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Kò gba owó, kò gba páìpù mìíràn, kò sì ṣépè. Ká ní ó ṣépè ni, ì bá tù mí lára. Oṣù yẹn kò parí tí mo fi kó ẹrù mi padà sí Ìgbó-Ọrà, mo sì ti ń yan gàrí láti ìgbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ ra gàrí lọ́wọ́ mi á bù ú sẹ́nu kó tó sanwó. Kò sí ibi tí mo lè fi nǹkan pamọ́ sí nínú rẹ̀.

Nítorí náà, bí mo bá ń bá ọ wí nínú lẹ́tà yìí, kì í ṣe pé ọwọ́ mi mọ́ ju tìrẹ lọ. Ohun tí wọ́n ṣe fún ọ, mo ti ṣe é fún ọmọ ẹlòmíràn rí.

Ohun kan tún dẹ́rù bà mí lónìí. Lẹ́yìn ìrun, mo rí ọ̀gá rẹ ní ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí. Mo ní, "Ọ̀gá, nínú ọdún mẹ́ta tí ọmọ mi fi wà lọ́dọ̀ yín, ẹ mú un dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà rí?" Ṣe ni ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá Sìdí, ta ní ń mú ọmọ iṣẹ́ dé ọjà? Bó bá ti mọ ọlọ́jà, kí ló kù tó máa fi pè mí ní ọ̀gá?" Mo ní ṣé gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ọ̀gá tòun náà kò mú òun dé ibẹ̀. Mo san owó ìkọ́ṣẹ́, mo ra ohun mímu fíríìdọ́ọ̀mù, mo dá aṣọ fún ọ, gbogbo ìlú sì bá wa jẹ bá wa mu, kò sì sí ẹnì kan tó mú ọmọ mi dúró níwájú tábìlì ọlọ́jà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so páìpù, wọn kò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń rà á. Èyí tí wọ́n fi pamọ́ fún ọ ni èmi fẹ́ sọ báyìí.

Ìkíní. Ra ìwé kékeré kan, kí o máa kọ orúkọ ohun èlò iṣẹ́ rẹ sínú rẹ̀, kí o sì ya àwòrán ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́. Ohun kan lè ní orúkọ mẹ́ta. Wo ohun tó ń léfòó nínú táńkì, tó máa ń pa omi bí táńkì bá ti kún. Orúkọ gígùn ni wọ́n pè é nínú ìwé ìdánwò tí o kà. Ọ̀gá rẹ ń pè é ní bọ́ọ̀lù. Ní ṣọ́ọ̀bù Àlájà, gọ́ọ̀jì là ń pè é. Kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Bí ọlọ́jà bá dárúkọ ohun tí o kò gbọ́ rí, má mi orí. Sọ pé, "Ẹ mú un wá kí n rí i." Gbólóhùn yẹn kò náni ní nǹkan kan. Èmi náà tijú nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Ìbàdàn, torí n kò lè ka ìdajì ínṣì àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínṣì tí wọ́n ń kọ sára ẹrù. Mo ń díbọ́n. Nítorí ìdíbọ́n yẹn, mo di ẹrù oníbàárà kan pátá lódìlódì, ó gbé e dé Ọ̀yọ́ kó tó mọ̀, Àlájà sì fi ojú mi gbolẹ̀ níwájú gbogbo ọjà. Obìnrin kan tó ń ta kọ́kọ́rọ́ ìlẹ̀kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló ràn mí lọ́wọ́. Ó ní kí n máa fi ìka mọ̀ ọ́n: ìka ìfábẹ̀lá mi ló máa ń wọ ẹnu ìdajì ínṣì, tí á sì há, àtàǹpàkò ló sì wọ èyí tó tẹ̀ lé e. Láti ọjọ́ yẹn n kò ṣì í mọ́. Ìka tìrẹ lè tóbi ju tèmi lọ, nítorí náà wọ̀n ọ́n fúnra rẹ. Ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹni tó díbọ́n pé òun mọ̀nà, àfi kó rìn títí ilẹ̀ á fi ṣú bá a.

Èkejì. Bí nǹkan bá bàjẹ́ nílé ènìyàn tí o kò sì dá orúkọ rẹ̀ mọ̀, tú u, nù ún, jù ú sínú àpò, kí o gbé e lọ bá ọlọ́jà. O máa rò pé wọ́n á fi ọ́ ṣẹ̀sín. Àwa tí a wà lẹ́yìn tábìlì, ẹni tó gbé ògbólógbòó lọ́wọ́ wọlé la máa ń bẹ̀rù jù, torí kò sí bí o ṣe lè ta òmíràn fún un. Yóò gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹjọ́ ti parí.

Ẹ̀kẹta ni mo fi ṣe orí ìwé yìí. Ara páìpù ni kí o wò. Wọn kì í kọ bí páìpù ṣe nípọn tó sí ojú ọlọ́jà. Gbé e lọ́wọ́, ka ara rẹ̀, wo ẹnu rẹ̀, tẹ̀ ẹ́. Má jẹ́ kí wọ́n dì í lókùn kí o tó wò ó, sì wo èyí tó wà láàárín ìdì, má wo èyí tó wà lókè nìkan. Òkè ni àwa máa ń to èyí tó dáa sí.

Àjọkẹ́ mi, má ṣe béèrè láéláé lọ́wọ́ ọlọ́jà pé èwo ló dáa. Ìbéèrè tíṣà Ìgàngàn nìyẹn. Èyí tó fẹ́ kó tà lọ ló máa dáa lójú rẹ̀. Béèrè pé, "Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn? Èwo ló lè gba agbára omi táńkì?" Kí o sì ní kó kọ èsì rẹ̀ sí ara rìsíìtì. Mo ti rí rìsíìtì tìrẹ, bíríkìlà fi hàn mí, ó wà lábẹ́ òkúta lójú fèrèsé. "Páìpù mẹ́rìnlélógún." Ó tán! Irú páìpù wo? Ta ló ṣe é? Bó ṣe nípọn tó ńkọ́? Kò sí níbẹ̀. Ọlọ́jà tó bá ń ta ojúlówó á kọ ọ́ láìjanpata. Èyí tó bá ń wí pé, "Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ ò fọkàn tán mi ni?", yáa máa bọ̀ nílé.

Mo tún fẹ́ sọ ti injíníà yẹn. Orúkọ yẹn dùn létí, mo mọ̀. Èmi gan-an, nígbà tí bíríkìlà kọ́kọ́ sọ ọ́, orí mi wú díẹ̀ kí n tó rántí ohun tí mo fọwọ́ kàn. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù Àlájà ni injíníà. Ẹni tó wá ra kọ́kọ́rọ́ kan, injíníà. Ẹni tó wá béèrè ọ̀nà, injíníà. Bí ènìyàn bá ti jẹ oyè yẹn tán, ojú á máa tì í láti béèrè nǹkan kékeré. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe nìyẹn. Mu móòtì wọn bí òùngbẹ bá ń gbẹ ọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí o bá ti yẹ ẹrù wò tán ni o.

Lọ sí ṣọ́ọ̀bù méjì kí o tó ra ní ẹyọ kan. Má lọ nígbà tí ebi bá ń pa ọ́. Má lọ nígbà tí bíríkìlà bá ń pè ọ́ pé òun ti po símẹ́ńtì. Ọlọ́jà máa ń gbọ́ ìkánjú nínú ohùn ènìyàn.

N kò ní ka iye rẹ̀ mọ́, torí ọ̀rọ̀ tó wà níwájú yìí ló pọ̀ jù.

Páìpù yẹn kò gbọdọ̀ wà nínú ògiri ní Ọjọ́ Ajé.

Mo gbọ́ ọ bí o ṣe ń sọ ọ́ nínú ọkàn rẹ: "Màámi, ó lè má bẹ́." Lóòótọ́, ó lè má bẹ́ lọ́dún yìí. Ó lè dúró títí àwọn ọmọ pólì fi kó wọlé, kí omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò sẹ́yìn táìsì ara ògiri láì sẹ́ni tó rí i. Owó ìfẹ̀yìntì Màmá Nọ́ọ̀sì ló wà nínú ilé yẹn. Obìnrin tó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ títí orí rẹ̀ fi funfun kò ní owó mìíràn tí yóò fi fọ́ ògiri yàrá mẹ́jọ tí yóò tún fi rẹ́ ẹ. Mo ti ṣírò rẹ̀ nínú ọkọ̀ nígbà tí mò ń padà bọ̀. Bí o bá tú u báyìí, páìpù àti ohun tí o fi so ó ni àdánù rẹ. Bí wọ́n bá ti rẹ́ ẹ, àtúnṣe á kó símẹ́ńtì mọ́ ọn, á kó táìsì, á kó ọ̀dà àti owó bíríkìlà, á sì kó orúkọ rẹ, èyí tí wọn kì í tà ní ṣọ́ọ̀bù kankan. Èrúwà kò tóbi. Obìnrin kan ṣoṣo tó ń ṣe púlọ́ńbà níbẹ̀, wọn ò ní gbàgbé rẹ̀.

Ohun tí o máa ṣe nìyí. Kó àwọn mẹ́fà tí wọn kò tíì gé padà fún ọkùnrin yẹn. Mú rìsíìtì dání, mú ègé kan tó ṣẹ́ kù nígbà tí o gé èyí tó wà nínú ògiri dání pẹ̀lú. Má pariwo, má bú u, má sì jẹ́ kí wọ́n gbé ìjókòó fún ọ. Tẹ ègé náà níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀ títí yóò fi tẹ̀, kí o sì ní, "Èmi kọ́ ni mo ni èyí." Yóò gba mẹ́fà yẹn, torí kò fẹ́ kí àwọn yòókù rí i. Má retí pé yóò gba èyí tí gọ́ọ̀mù ti mú. Ìyẹn ti lọ. Owó iṣẹ́ rẹ ni yóò bá a lọ, iṣẹ́ àkọ́kọ́ yìí kò sì ní fún ọ ní èrè kankan. Ó dùn mí, bí ẹni pé èmi ni mo gé e. Ṣùgbọ́n n kò ní fi owó ránṣẹ́. Bí mo bá san án, èmi ni n ó kọ́ ọgbọ́n inú rẹ̀, mo sì ti kọ́ tèmi.

Lẹ́yìn náà, lọ bá Màmá Nọ́ọ̀sì kí o tó fọwọ́ kan ayùn. Kúnlẹ̀ dáadáa. Má ní ọlọ́jà ló tàn ọ́ jẹ. Sọ pé, "Màmá, páìpù tí mo rà kò dáa, n kò yẹ̀ ẹ́ wò. Mò ń tú u, èmi ni n ó sì ra òmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí bíríkìlà dá ọwọ́ dúró." Ó lè bínú. Ó lè gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ. Bó bá gbà á, jẹ́ kó gbà á, ṣùgbọ́n tú páìpù yẹn kí o tó kúrò níbẹ̀.

Mo máa fi lẹ́tà yìí rán awakọ̀ tó máa kọ́kọ́ gbéra lọ́la. Ní Ọjọ́ Ajé, ọkọ̀ àkọ́kọ́ ni èmi náà máa wọ̀. Bí mo bá dé tí mo bá bá páìpù yẹn nínú ògiri, n kò ní bá ọ jiyàn. Màmá Nọ́ọ̀sì ni n ó lọ bá, n ó sì sọ fún un níṣojú rẹ pé ọmọ tí mo bí ló ṣe iṣẹ́ yìí, àti pé kó má jẹ́ kí wọ́n rẹ́ ẹ. O lè ṣe ọdún kan láì bá mi sọ̀rọ̀. O lè má dárí jì mí. N ó fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n mi ò ní wo páìpù tí kò dáa lẹ́ẹ̀kejì láyé mi kí n sọ pé kò sí ohun tó ṣe é.

Kí Ọlọ́run fún ọ lókun. Ọjọ́ méjì ló ṣẹ́kù. Páìpù méjìdínlógún ló wà nínú ògiri. Bí o bá ti kúrò lọ́dọ̀ Màmá Nọ́ọ̀sì, mú ayùn, kí o bẹ̀rẹ̀ láti yàrá tó sún mọ́ táńkì.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìyá Sìdí.